Ẹja, Edé àti Akàn Nínú Ìkòkò Ọbẹ̀ Yorùbá

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní: "Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á." Òótọ́ pọ́ńbélé ni òwe yìí. Ẹni tó bá lọ sọ́jà láti ra ẹja tútù yóò mọ̀ pé owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ṣùgbọ́n owó nìkan kọ́ ló ń pa ọbẹ̀. Ẹnì kan lè ra ẹja olówó ńlá, kí ó gbé e kaná, kí ẹja náà fọ́ yángá-yàngà sínú omi ata, kí ọbẹ̀ sì máa rùn. Ẹlòmíràn lè ra ṣàwá mélòó kan péré, kí òórùn ọbẹ̀ rẹ̀ máa ta sánsán dé òpópónà. Ìmọ̀ ló wà láàárín àwọn méjèèjì.

Ìmọ̀ yìí kì í ṣe ohun tí a ń bí mọ́ ènìyàn. Ẹ̀gbẹ́ ìdáná ni àwọn ìyá wa ti kọ́ ọ lọ́dọ̀ àwọn ìyá tiwọn. Lóde òní, ọ̀pọ̀ ọmọ ló mọ ẹja nínú agolo, tí kò mọ àrọ̀ yàtọ̀ sí epìyà. Nítorí náà, a ó sọ̀rọ̀ nípa orúkọ àwọn ohun inú omi tí à ń jẹ, àwọn òwe tó rọ̀ mọ́ wọn, bí a ṣe ń rà wọ́n, bí a ṣe ń fọ̀ wọ́n, oúnjẹ mẹ́ta tí ẹ lè sè nílé, àti bí a ṣe ń ṣọ́ àwọn ọmọ wa lọ́wọ́ egungun ẹja.

ẸJA NÍNÚ ÌGBÉ AYÉ YORÙBÁ

Àwọn Ìlàjẹ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, àwọn Àwórì ní agbègbè Èkó, àwọn ará Ẹ̀pẹ́ àti àwọn Ìjẹ̀bú etí omi jẹ́ apẹja láti ìran dé ìran. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn Ẹ̀gùn, aládùúgbò wa ní Àgbádárìgì, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbé lórí omi ní Mákòkó. Títí di òní, ẹni tó bá fẹ́ rí ẹja odò àti ẹja ọ̀sà ní tútù ń lọ sí ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ tàbí ọjà Ìgbókọ̀dá ní ilẹ̀ Ìlàjẹ. Àwọn ará òkè tí kò súnmọ́ omi ńlá kò gbẹ́yìn: ẹja yíyan àti edé gbígbẹ ni àwọn alájàpá ń kó wá fún wọn.

Ẹja tún wà nínú orúkọ àti ìtàn wa. Yemọja, òrìṣà odò Ògùn, gba orúkọ rẹ̀ láti inú "Yèyé ọmọ ẹja", ìyá tí àwọn ọmọ rẹ̀ pọ̀ bí ẹja. Oyè Àtáọ́ja tí ọba Òṣogbo ń jẹ wá láti inú "A-tẹ́wọ́-gba-ẹja", nítorí ìtàn sọ pé ọba àkọ́kọ́ níbẹ̀ tẹ́wọ́ gba ẹja tó jẹ́ ìránṣẹ́ Ọ̀ṣun. Ìdí nìyí tí a kì í fi í pẹja nínú igbó Ọ̀ṣun Òṣogbo, èyí tí àjọ UNESCO fi sínú ìwé àwọn ogún àgbáyé ní ọdún 2005. Bí a bá ń sọmọ lórúkọ, ẹja wà lára ohun tí a fi ń wúre. Àwọn àgbà á ní, "Orí ni ẹja fi ń la ibú," wọn á sì gbàdúrà pé kí orí ọmọ náà la ọ̀nà fún un.

ORÚKỌ ÀWỌN OHUN INÚ OMI TÍ À Ń JẸ

Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ kọ́ orúkọ wọ̀nyí:

1. Àrọ̀: Ẹja odò tí kò ní ìpẹ́. Ó ní ohun tó dà bí irùngbọ̀n lẹ́nu, ara rẹ̀ sì máa ń yọ̀ bọ̀rọ́. Òun ló wọ́pọ̀ jù lọ́dọ̀ àwọn tó ń sin ẹja. Egungun wẹ́wẹ́ kò pọ̀ nínú ẹran rẹ̀, nítorí náà ó dára fún ọmọdé.

2. Ọ̀bọ̀kún: Ó jọ àrọ̀ díẹ̀, ẹja odò àti ọ̀sà ni. Ẹran rẹ̀ dùn púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀gún líle tó wà ní lẹ́bẹ́ rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń fọ̀ ọ́.

3. Epìyà: Ẹja pẹlẹbẹ tó ní ìpẹ́ púpọ̀. Ó dára fún díndín àti yíyan.

4. Ṣàwá: Ẹja kékeré tó lọ́ràá, tí owó rẹ̀ kò wọ́n. Egungun inú rẹ̀ wẹ́wẹ́, ó sì pọ̀.

5. Titus: Ẹja òkun tí wọ́n ń kó wá láti òkè òkun nínú yìnyín. Àwọn kan máa ń fi ẹja inú yìnyín ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n a pè é ní "òkú Èkó".

6. Pánla: Ẹja òkun gbígbẹ. Èyí tó le bí igi nínú wọn wá láti ilẹ̀ Nọ́wè, níbi tí afẹ́fẹ́ òtútù ti ń gbẹ ẹ́ láìfi iyọ̀ sí i. Okporoko ni àwọn Ìgbò ń pè é.

7. Edé: Tútù rẹ̀ wà, gbígbẹ rẹ̀ wà. Ẹ̀kúnwọ́ edé gbígbẹ kan lè sọ ìkòkò ẹ̀fọ́ di àwítúnwí.

8. Akàn: Ẹlẹ́sẹ̀ púpọ̀ tó ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn. Ojú rẹ̀ wà lókè orí, ó sì ń yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún.

9. Ìsáwùrú: Ó jọ ìgbín kékeré, inú omi ni ó ń gbé.

ÀWỌN ÒWE TÓ JẸ MỌ́ ẸJA ÀTI ỌBẸ̀

"Tútù ni a ti ń ká ẹja." Àwọn tó ń yan àrọ̀ ló mọ ìdí òwe yìí. Kí wọ́n tó gbé ẹja sórí iná, wọn á ká a, wọn á mú ìrù rẹ̀ wá sí ẹnu, wọn á sì fi igi gún un kí ó lè dúró. Bí ẹja bá ti gbẹ tán, kò ṣeé ká mọ́. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ ká a yóò dá a sí méjì ni. Ìtumọ̀: ìgbà tí ọmọ wà ní kékeré ni a ń tọ́ ọ sọ́nà. Ẹ̀kọ́ oúnjẹ sísè náà wà nínú èyí.

"Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí." Ìtumọ̀: kí olúkúlùkù máa kíyè sí ara rẹ̀, kí ó má sì fi ọ̀ràn ara rẹ̀ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ẹni tó ń ra ẹja lọ́jà nílò òwe yìí gan-an.

"Ẹja ń bákàn?" Ìbéèrè ni èyí tí a ń bi ẹni tó ti ibi iṣẹ́ tí a rán an dé. Ẹni tó ju àwọ̀n sódò ń retí ẹja, ṣùgbọ́n akàn lè bá a wọlé. Nítorí náà, bí ọmọ bá ti ibi ìdánwò dé, ìyá rẹ̀ lè ní, "Báwo ni o, ẹja ń bákàn?" Bí ó bá yege, ó lè dáhùn pé, "Ẹja ni, Màmá!"

"Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run." Àwọn àgbà ń fi èyí kìlọ̀ fún alájẹkì. A ó tún padà sórí òwe yìí níwájú.

"Ọbẹ̀ kì í mì níkùn àgbà." Ìtumọ̀: àgbà kì í tú àṣírí tí a bá fi pa mọ́ sí i lọ́wọ́.

BÍ A ṢE Ń RA ẸJA

Ẹ fi ojú alákàn lọ sọ́jà. Ẹja tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, ojú rẹ̀ ń dán, ó sì yọ síta díẹ̀. Èyí tó ti pẹ́, ojú rẹ̀ á ti wọnú, á sì ti ṣe fúnfún bàìbàì. Ẹ ṣí ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀ wò: ohun tí ẹja fi ń mí níbẹ̀ gbọ́dọ̀ pupa. Bí ó bá ti di àwọ̀ eérú tàbí ó ń yọ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ fi ìka tẹ ara rẹ̀: bí ibẹ̀ bá padà sípò lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹja gidi nìyẹn, bí ó bá jin sínú tí kò padà, ó ti ń rà. Ẹja tútù gidi kì í rùn; òórùn omi ló máa ń wà lára rẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ ẹja inú yìnyín, ẹ wò ó bóyá ó le gbagidi. Èyí tó ti yọ́ tí wọ́n tún dá padà sínú yìnyín sábà máa ń tẹ̀ tàbí kí ó rọ, ara rẹ̀ á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa já.

Ẹja yíyan gbọ́dọ̀ gbẹ dé inú. Ẹ dá a wò kí ẹ rí àárín rẹ̀, kí ẹ sì wò ó bóyá kòkòrò tàbí èbu wà níbẹ̀. Bí ó bá ń rùn bí oògùn kòkòrò, ẹ má rà á, bí ó ti wù kí ó pọ́n tó. Ní ti akàn, ààyè ni kí ẹ rà á, kí ẹ sì sè é ní ọjọ́ náà. Akàn tó ti kú kí ẹ tó délé kò yẹ ní jíjẹ, nítorí kíákíá ni ara rẹ̀ ń bàjẹ́.

Ọjà ẹja ni kí a rà kẹ́yìn, kí ó má baà pẹ́ nínú oòrùn. Bí ẹ bá délé tí ẹ kò ní sè é lójú ẹsẹ̀, ẹ gbé e sínú fíríìjì tàbí yìnyín. Ẹja tútù kò gbọ́dọ̀ wà níta ju wákàtí 2 lọ. Bí oòrùn bá mú gan-an, wákàtí 1 ti tó. Bí ẹja Titus tàbí ṣàwá bá pẹ́ nínú ooru, ohun kan lè jáde lára rẹ̀ tí sísè kò lè pa, tó sì ń fa ara yíyún, ojú pípọ́n àti orí fífọ́. Nítorí náà, kí a má ṣe wí pé, "Iná á pa á." Kì í ṣe gbogbo nǹkan ni iná ń pa.

BÍ A ṢE Ń FỌ ẸJA

Ẹ ha ìpẹ́ epìyà láti ìrù lọ sí orí. Ẹ la ikùn rẹ̀, ẹ kó ìfun jáde, kí ẹ má sì jẹ́ kí òróòro bẹ́, nítorí bí ó bá kan ẹran, ọbẹ̀ á korò. Ẹ gé ohun pupa tó fi ń mí kúrò. Ẹ fọ ẹ̀jẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ egungun ẹ̀yìn dáadáa; ibẹ̀ gan-an ni òórùn búburú ti ń wá.

Àrọ̀ ní tirẹ̀ ń yọ̀. Ẹ fi iyọ̀ ra á lára, ẹ da omi gbígbóná díẹ̀ lé e, ẹ fi ọ̀bẹ ha á, ẹ sì fi omi tútù ṣàn án. Omi náà kò gbọ́dọ̀ hó, kí awọ rẹ̀ má baà bó. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi iyọ̀ àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ pa á lára fún bí ìṣẹ́jú 10. Bí ẹ bá jẹ́ kí ó pẹ́ jù nínú ọsàn, ẹran rẹ̀ á máa le.

Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́, ọ̀bẹ àti pátákó tí ẹ lò kí ẹ tó fi gé ohun mìíràn.

OÚNJẸ KÌÍNÍ: ỌBẸ̀ ẸJA TÚTÙ

Èyí tó fún ènìyàn 6. Ẹ wá ẹja àrọ̀ tàbí ọ̀bọ̀kún tó wọn kílò 1 ààbọ̀, tàtàṣé 4, tòmátì 6, ata rodo 2 tàbí 3, àlùbọ́sà 2, epo pupa bí ife kan tí kò kún, irú ṣíbí 2, edé gbígbẹ ẹ̀kúnwọ́ kan, ewé ẹ̀fínrín díẹ̀ àti iyọ̀.

Ẹ lọ tàtàṣé, tòmátì, ata rodo àti àlùbọ́sà kan. Ẹ gbé e kaná kí omi rẹ̀ gbẹ díẹ̀. Ẹ gbé epo kaná nínú ìkòkò tó fẹ̀, kí ó gbóná ṣùgbọ́n kí ó má jó. Ẹ gé àlùbọ́sà kejì sí i, lẹ́yìn náà ẹ kó irú sí i. Nígbà tí òórùn irú bá ti jáde, ẹ da ata sí i, kí ẹ sì máa ro ó fún bí ìṣẹ́jú 15 títí epo yóò fi lé sókè. Ẹ fi edé, iyọ̀ àti omi ife kan sí i. Ẹ tọ́ ọ wò nísinsìnyí, nítorí bí ẹja bá ti wọlé, àtúnṣe kò rọrùn mọ́.

Ìgbà náà ni kí ẹ tó to ẹja sínú ìkòkò, lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n má gun ara wọn. Ẹ dé e, ẹ dín iná kù, kí ó sè fún ìṣẹ́jú 12 sí 15. Ẹ má fi ṣíbí rò ó! Ẹ di etí ìkòkò mú, kí ẹ sì mì ín pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bí ẹ̀gbẹ́ egungun kò bá pupa mọ́, tí ẹran sì ń tú kúrò lára rẹ̀ wẹ́rẹ́, ó ti jinná. Ẹ já ẹ̀fínrín lé e, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀.

Kí ló dé tí a kò fi kọ́kọ́ sè ẹja bí a ṣe ń sè ẹran màlúù? Ẹran màlúù ní iṣan líle tó ń fẹ́ àkókò kí ó tó rọ̀. Iṣan ẹja kò le, kíákíá ni iná ń tú u. Bí ẹja bá bá ata sè láti ìbẹ̀rẹ̀, á ti fọ́ kí ata tó jinná. "Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́; ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko."

Bí owó kò bá tó, ṣàwá tàbí Titus ṣeé lò. Ẹ fi iyọ̀ pa á, ẹ dín in díẹ̀, kí ẹ tó gbé e sínú ata. Díndín yìí ni kì yóò jẹ́ kí ó fọ́. Ẹ̀bà, àmàlà, iyán, ìrẹsì, gbogbo rẹ̀ ló bá ọbẹ̀ yìí lọ. Àwọn Ìlàjẹ á fi pupuru jẹ ẹ́.

OÚNJẸ KEJÌ: ÌMỌ́YỌ, ỌBẸ̀ ÀWỌN ÀGÙDÀ

Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa tí a kó lẹ́rú lọ sí ilẹ̀ Bùràsíìlì padà sí Èkó. Àwọn ni à ń pè ní Àgùdà, agbègbè wọn ní Èkó sì ni Pópó Àgùdà. Wọ́n kó iṣẹ́ ọwọ́ àti oúnjẹ bọ̀. Ìmọ́yọ wà lára rẹ̀; "molho", tó túmọ̀ sí ọbẹ̀ ní èdè Potogí, ni a gbà pé ó di "mọ́yọ" lẹ́nu wa.

Ẹ wá ẹja ńlá òkun tàbí ọ̀sà kílò 1, tòmátì 6, tàtàṣé 2, ata rodo 1, àlùbọ́sà 2, aáyù ẹyọ 4, ọsàn wẹ́wẹ́ 2, òróró ólífì ṣíbí 4 àti iyọ̀. Òróró lásán náà ṣeé lò.

Ẹ gé ẹja, ẹ fi iyọ̀, aáyù tí a gún àti omi ọsàn kan pa á lára. Ẹ fi omi ife 4 àti àlùbọ́sà kan sè é lórí iná díẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ sì kó ẹja jáde sínú àwo. Ẹ da omi ẹja náà sọ́tọ̀, ẹ má dà á nù. Ẹ lọ ata, tòmátì àti àlùbọ́sà kejì, ẹ sè é kí ó gbẹ, ẹ fi òróró ólífì sí i, ẹ sì bu omi ẹja ife kan lé e. Nígbà tí ó bá ki, ẹ dá ẹja padà sínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5, ẹ sì fún ọsàn kejì lé e lórí.

Omi ẹja tó kù ń kọ́? Ẹ gbé e kaná kí ó hó, ẹ fọ́n gàrí sí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa rò ó. Ẹ̀bà ìmọ́yọ nìyẹn. Adùn ẹja á ti wọ inú ẹ̀bà náà.

Àwọn ìdílé Àgùdà ní Èkó tún máa ń se frejon, ẹ̀wà tí a fi omi àgbọn sè, ní ọjọ́ Ẹtì tí àwọn Kìrìsìtẹ́nì fi ń rántí ikú Jésù. Ọbẹ̀ ẹja ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Àwọn tó kù sí Bùràsíìlì náà kò gbàgbé ilé: àkàrà tiwa ni wọ́n ń pè ní acarajé ní Bahia, epo pupa ni wọ́n fi ń dín in, edé sì ni wọ́n ń kì bọ inú rẹ̀.

OÚNJẸ KẸTA: ÌKỌ́KỌRẸ́ ÀWỌN ÌJẸ̀BÚ

Bí ẹ bá gbọ́ ìfọ́kọrẹ́, òun náà ni. Ẹ wá ewùrà tó wọn kílò 1 ààbọ̀, ẹja yíyan 2, edé gbígbẹ ẹ̀kúnwọ́ 2, tàtàṣé 3, ata rodo 2, àlùbọ́sà 1, epo pupa ìdajì ife àti iyọ̀.

Ẹ fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ àti iyọ̀ fọ ẹja yíyan, ẹ yọ egungun rẹ̀. Ẹ bó ewùrà, ẹ rin ín lójú agolo tí a fi ìṣó dá lu. Ẹ fi epo pa ọwọ́ kí ó má baà yún yín. Ẹ fi iyọ̀ díẹ̀ sí ewùrà náà, ẹ pò ó. Ẹ gbé omi bí ife 4, ata lílọ̀, epo, ẹja àti edé kaná kí ó hó fún ìṣẹ́jú 10. Ẹ wá máa fi ọwọ́ já ewùrà sínú rẹ̀ ní kékeré-kékeré. Ẹ dé e, ẹ dín iná kù, ẹ má fọwọ́ kàn án fún ìṣẹ́jú 15. Bí ẹ bá tètè rò ó, á di lẹ́ẹ́ ni. Nígbà tí ó bá ti dì, ẹ rò ó díẹ̀ kí kókó rẹ̀ sì ṣẹ́kù síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ Ìjẹ̀bú fẹ́ràn láti fi ẹ̀bà tútù jẹ ẹ́.

BÍ EGUNGUN BÁ HÁ ỌMỌ LỌ́FUN

Ẹ rántí òwe wa: "Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run." Kí a tó fi ẹja fún ọmọ kékeré, kí a fi ọwọ́ tú u, kí a wá egungun inú rẹ̀ dáadáa nínú ìmọ́lẹ̀. Kí ọmọ jókòó jẹun. Kí ó má sáré, kí ó má rẹ́rìn-ín pẹ̀lú oúnjẹ lẹ́nu. Ẹ má fún ọmọdé ní ṣàwá láìyọ egungun rẹ̀.

Bí egungun bá há, ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa bá lẹ́nu àwọn àgbà ni pé kí a gbé òkèlè ẹ̀bà ńlá mì kí ó lè tì í lọ. Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àṣà yìí sílẹ̀. Òkèlè lè tì í lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó tún lè ti egungun náà gún ọ̀fun wọlé ṣinṣin, kí ó dá ọgbẹ́ síbẹ̀, kí iṣẹ́ dókítà sì le sí i. Ẹ má ki ìka bọ ọ̀fun ọmọ láti wá ohun tí ẹ kò rí. Ẹ jẹ́ kí ó wúkọ́. Bí ó bá ṣì ń dùn ún, tí kò lè gbé itọ́ mì, tàbí tí ó ń tu ẹ̀jẹ̀, ilé ìwòsàn ló kàn.

Bí ó bá jẹ́ pé èémí ló há, tí ọmọ kò lè sunkún, tí kò lè wúkọ́, tí kò lè sọ̀rọ̀, ẹ má dúró. Ẹ tẹ̀ ẹ́ síwájú, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a lẹ́ẹ̀marùn-ún láàárín èjìká méjèèjì. Bí kò bá jáde, tí ọmọ náà sì ti ju ọdún 1 lọ, ẹ dúró lẹ́yìn rẹ̀, ẹ di ìkúùkù lé òkè ìdodo rẹ̀, kí ẹ sì fà á wọlé sókè lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ẹ máa ṣe méjèèjì ní ìtẹ̀léra, kí ẹnì kan sì máa wá ọkọ̀. Ẹ má tẹ ikùn ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 1. Àyà rẹ̀ ni a ń tẹ̀.

Ohun kan tún kù. Edé àti akàn kì í bá ara àwọn kan mu. Bí ètè ọmọ bá wú, tí ara rẹ̀ lé, tàbí tí ó ń mí gúlegúle lẹ́yìn tí ó jẹ ẹ́, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá, kí ẹ má sì fún un mọ́.

ÌPÍN ỌMỌ NÍNÚ ÀWO

Ní ọ̀pọ̀ ilé, orí ẹja ńlá jẹ́ ti baálé, ìrù ni ti ọmọ. Ọ̀wọ̀ ni èyí, a kò sì sọ pé kí a pa ọ̀wọ̀ rẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí pé ara ọmọ ló ń dàgbà, ẹja sì wà lára ohun tó ń mọ ara. Ọmọ tó ń fi omi ọbẹ̀ nìkan jẹ ẹ̀bà lójoojúmọ́ yóò yó, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò ní rí ohun tó fẹ́. Kí bàbá jẹ orí. Kí a bu àárín ẹja fún àwọn ọmọ. Kò sí bàbá rere tí èyí yóò bí nínú.

Kí àwọn ọmọkùnrin náà wá sí ìdáná. Ebi kì í bèèrè bóyá ọkùnrin ni ènìyàn tàbí obìnrin. Kí ọmọ ọdún mẹ́fà ṣa irú, kí ọmọ ọdún mẹ́wàá fọ edé, kí èyí tó dàgbà jù fọ ẹja lójú òbí rẹ̀. Bí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, kí a máa pa òwe fún wọn. Tútù ni a ti ń ká ẹja.

ÌDÁNRAWÒ FÚN ÀWỌN AKẸ́KỌ̀Ọ́

1. Dárúkọ ẹja mẹ́rin ní èdè Yorùbá, kí o sì sọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn.
2. Kí ni ìtumọ̀ "Tútù ni a ti ń ká ẹja"? Sọ ìgbà tí a lè lò ó.
3. Ìgbà wo ni a ń béèrè pé "Ẹja ń bákàn?"
4. Sọ ohun mẹ́ta tí a fi ń mọ ẹja tí kò tí ì bàjẹ́.
5. Kí ló dé tí a kì í fi ṣíbí rò ọbẹ̀ ẹja tútù?
6. Àwọn wo ni Àgùdà? Oúnjẹ wo ni wọ́n mú wá sí Èkó?
7. Kí ló burú nínú kí a fi òkèlè ẹ̀bà ti egungun tó há lọ́fun?

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ lè ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan béèrè òwe kan nípa ẹja tàbí ọbẹ̀ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ àgbà, kí ó sì wá pa á ní kíláàsì. Kí ọbẹ̀ yín máa dùn, kí iyọ̀ má tán nílé yín, kí àwọn ọmọ yín jẹ ẹ́ pẹ́. Àṣẹ.